Ọ̀nà Abẹ́ Omi Tí Matugena Kò Fẹ́ Kọ́ Mi

Nígbà tí Matugena, ìyá ọkọ mi, kú, ẹnu gbogbo ará adágún kò sinmi. Wọ́n ní ìyá rere lọ. Wọ́n ní òun ló dáàbò bo ilé wa fún ogójì ọdún tí ẹnikẹ́ni kò jó o, tí ẹnikẹ́ni kò sì kó o. Mo jókòó láàárín wọn, mo ń jẹ ẹran tí wọ́n pa. Wọn kò bá a gbé. Èmi ni mo bá a gbé, ọdún mẹ́tàdínlógún gbáko, nínú ilé roboto kan ṣoṣo, nídìí iná kan ṣoṣo, kò sì sí ibi tí mo lè sá sí nítorí omi ló yí wa ká. Ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ tèmi.

N kò fẹ́ràn rẹ̀. Kí n ti sọ ìyẹn kúrò nílẹ̀. Obìnrin kúkúrú ni, ó gbẹ, ó ń rùn èéfín àti ọ̀rá àgùntàn bí gbogbo wa ṣe ń rùn, àmọ́ òórùn tirẹ̀ a máa ṣáájú rẹ̀ wọlé. Òtútù ti jẹ ìka méjì lọ́wọ́ òsì rẹ̀. Òun ló ń pín bọ́tà, bó bá sì pín in tán, á fi èékánná fa ilà sójú ìyókù, kó lè mọ̀ bí ẹnikẹ́ni bá tọ́ ọ wò lẹ́yìn òun. Láràárọ̀, á mú òòlù igi, á sọ̀ kalẹ̀ sábẹ́ ilé, á máa lu àwọn òpó tó gbé wa dúró lórí omi lọ́kọ̀ọ̀kan, á sì dẹ etí sí i. Òpó tó bá ti ń jẹrà kì í dún gan-an. Mo tẹ̀ lé e lọ lọ́jọ́ kan láti kọ́ ọ, ó lu ọ̀kan, ó ní, "Èyí ò níwúlò mọ́, àyè lásán ló ń gbà." Ó wá wò mí láti òkè délẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, n kò tẹ̀ lé e mọ́.

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà abẹ́ omi ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa. Gbogbo ilé orí omi tó wà ní adágún wa ló ní tirẹ̀: òkúta tí àwọn baba ńlá tò sísàlẹ̀, láti ẹnu-ọ̀nà ilé títí dé orí ilẹ̀, tí omi sì bò mọ́lẹ̀ dé orúnkún. Omi wa dúdú, ojú kò lè rí i. Kì í lọ tààrà. Ó ń yà, ó tún ń yà. Ibì kan wà tí òkúta ti tán lójijì tí o gbọ́dọ̀ na ẹsẹ̀ gan-an kí o tó bá èyí tó kàn. Ibì kan wà tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ gbé òkúta tó ń mì sí, kó lè da ọ̀tá sómi. Láti kékeré ni àwọn ọmọ ilé ti ń mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ìyàwó tí wọ́n fẹ́ wá láti orí ilẹ̀, ìyá ọkọ rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ kọ́ ọ, lọ́jọ́ tó bá gbà pé ó ti di ẹni ilé. Ọkọ kò gbọ́dọ̀ kọ́ ọ. Ọdún kan ni ẹlòmíràn ń lò, ẹlòmíràn méjì. Èmi lo méje, mo bí ọmọ méjì, síbẹ̀ bí mo bá fẹ́ jáde, àfi kí wọ́n fi ọkọ̀ gbé mi bí ẹrù ìgbẹ́ ewúrẹ́.

Bí mo bá bẹ Talok, ọkọ mi, á ní, "Ẹnu Ìyá ló ti máa jáde." Talok lágbára tó láti dá gbé òpó lé èjìká, àmọ́ bí ìyá rẹ̀ bá wúkọ́, á dìde dúró.

Nígbà òtútù keje tí mo lò níbẹ̀, Talok àti àwọn ọkùnrin ilé gbé ọkọ̀ wa kan ṣoṣo lọ sí apá òkè adágún láti gé òpó tuntun. Igi etí omi la fi ń ṣe é, igi tí ara rẹ̀ máa ń pọ́n bí ẹ̀jẹ̀ bí àáké bá ti bà á. A kì í jẹ́ kó gbẹ. Bó bá fi lè gbẹ kó tó wọlé sínú omi, kò ní í pé ọdún mẹ́ta tí yóò fi jẹrà, nítorí náà inú omi ni wọ́n ti ń fà á bọ̀ wálé, díẹ̀díẹ̀. Ọjọ́ mẹ́wàá ni wọ́n dá. Ó wá ku èmi, ọmọ mi méjèèjì, ewúrẹ́ mẹ́ta, àti Matugena sílé.

Lọ́jọ́ karùn-ún, mo gbọ́ ariwo láti orí ilẹ̀. Losio ni, àbúrò mi ọkùnrin, ó dúró sétí omi, ó káwọ́ mẹ́nu.

"Ẹ̀gbọ́n mi o! Ẹ jáde síta!"

"Kí ló dé? Kí lo ń wá nínú òtútù yìí?"

"Ìyá ni! Ó ti di ọjọ́ mẹ́rin tí oúnjẹ ò ti lọ sí wọn lọ́nà ọ̀fun. Ẹ̀yin ni wọ́n ń pè ṣáá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè máa bọ̀!"

Èmi nìkan lọmọbìnrin tí ìyá mi bí. Ìrìn ìdajì ọjọ́ péré ni ilé wọn sí etí omi wa, ó sì ti tó ọdún méjì tí n kò rí i. Kí n tó yíjú padà, Matugena ti dúró lẹ́yìn mi.

"Ta nìyẹn?"

"Àbúrò mi ni, Ìyá. Ó ní ìyá mi ń kú lọ."

"Gbogbo wa la ń kú lọ. Sọ fún un kó rọra máa lọ sílé."

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, ẹ mú mi kọjá. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ fi aṣọ dì mí lójú."

"Ẹsẹ̀ ló ń mọ ọ̀nà yẹn, kì í ṣe ojú. Kí ni mo fẹ́ fi di ẹsẹ̀ rẹ?"

"Ọdún méje ni mo ti wà nílé yìí! Ọmọ méjì ni mo bí fún yín!"

"Ewúrẹ́ dúdú yẹn náà bí méjì lésìí. Mi ò kọ́ òun náà."

Ó tì mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì kígbe sí Losio. "Ìwọ ọmọkùnrin yìí! Ẹ̀yin mélòó lẹ wà lẹ́yìn igi yẹn? Ní kí wọ́n jáde kí n kí wọn!"

"Èmi nìkan ni, Ìyá àgbà!"

"Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n máa ń wí. Ọmọ mi á dé lọ́jọ́ márùn-ún òní, á fi ọkọ̀ gbé e wá. Ní kí ìyá rẹ dúró dè é."

"Ṣé ikú máa ń dúró de ọkọ̀ ni?"

"Ẹnu rẹ mú o. Lọ fi jẹun nílé yín."

Losio lọ. Mi ò sùn, mi ò sì bá obìnrin náà sọ̀rọ̀. Mo kàn ń fi ojú bú u.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, Losio padà wá, ó rí ọkọ̀ awọ kékeré kan yá lọ́wọ́ apẹja, ó sì ń wà á bọ̀ tààrà sọ́dọ̀ wa. Inú mi dùn débi pé mo ti ń so bàtà. Matugena mú kànnàkànnà rẹ̀ lára ògiri, ó kó òkúta sínú aṣọ, ó jáde.

"Ìyá, ẹ má ṣe é! Ọmọ ìyá mi ni!"

"Kò sí ọkọ̀ àjèjì tó ń kan ilé yìí nígbà tí àwọn ọkùnrin ò sí nílé. Kó padà."

Mo rọ̀ mọ́ apá rẹ̀. Ó fi ìgúnpá gbá mi nímú, ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Òkúta àkọ́kọ́ gba ẹ̀bá etí Losio kọjá. Èkejì lu ara ọkọ̀, awọ sì ya. Àbúrò mi ju àjẹ̀ sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi fìlà gbọ́n omi, ó ń ṣépè fún wa lọ́kùnrin lóbìnrin. Matugena fi kànnàkànnà kọ́ apá, ó ń wò ó.

"Ó mọ omi gbọ́n. Ta ló kọ́ ọ?"

Bí Losio ṣe wakọ̀ tó kún fún omi yẹn padà dé orí ilẹ̀, n kò mọ̀. Ó jókòó sórí koríko fún ìgbà pípẹ́, aṣọ ara rẹ̀ rin gbingbin. Ó gbé ọkọ̀ náà lé orí, ó lọ. Kò wo ẹ̀yìn.

Ojú mi ṣú. Mo wọ inú omi. Mo ti máa ń ṣọ́ Talok láti ihò ògiri bó bá ń fẹsẹ̀ rìn lọ, mo sì rò pé mo mọ ibi tó ti ń yà lákọ̀ọ́kọ́ àti lẹ́ẹ̀kejì. Mo mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Òkúta mẹ́ta bá mi lẹ́sẹ̀, mo yà sọ́tùn-ún, òmíràn tún bá mi lẹ́sẹ̀, orí mi wú. Mo tún gbé ẹsẹ̀, òkúta náà sì yí lábẹ́ mi. Èèyàn tí kò bá tíì bọ́ sínú omi wa nígbà òtútù kò mọ ohun tó ń jẹ́ òtútù. Èémí mi kò jáde, kò wọlé. Mo gbọ́ tí ọmọ mi àgbà ń ké. Ohun tó tún yé mi ni pé ìwọ̀ tí a fi ń fa ẹja kọ́ mi ní aṣọ lẹ́yìn, Matugena sì ń wọ́ mi bọ̀ lórí òkúta, ó ń bú mi ní gbogbo èébú tó mọ̀.

Ó bọ́ mi sí ìhòòhò nídìí iná, ó fi awọ àgùntàn wé mi bí ẹni ń di ẹrù.

"O fẹ́ lọ kú sómi kí o fi ọmọ méjì sílẹ̀ fún mi kí n máa tọ́?"

"Ẹ ò láàánú!" Eyín mi ń lu ara wọn. "Ìyá mi ń kú, ẹ̀ ń sọ̀kò fún ọmọ rẹ̀!"

"Ìyá ń kú." Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dé ojú. "Ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wá kígbe sí mi nìyẹn. Ibi tí àbúrò rẹ dúró sí gan-an lòun náà dúró sí."

Ó fi igi kún iná.

"Ìyá ọkọ tèmi kọ́ mi lọ́nà yìí lọ́dún tí mo wọlé. Ó fẹ́ràn mi ni. Ẹ̀gbọ́n mi ní Ìyá ń kú, ó ní yìnyín pọ̀ lọ́nà, mi ò ní lè dá rìn, kí n júwe bí òun ṣe máa wá mú mi. Mo júwe. Èmi ni mo dúró lẹ́nu-ọ̀nà yẹn tí mò ń pariwo, 'Yà sósì, na ẹsẹ̀, má tẹ ìyẹn.' Ó mú mi délé. Mo bá Ìyá mi níbi tó ti ń lọ ọkà, ara rẹ̀ le koko. Kí n tó sáré padà débí, iná ti mú òrùlé. Bàbá Talok wà nínú ilé. Ọmọ mi àgbà wà nínú ilé. Ìyá tó fẹ́ràn mi yẹn wà nínú ilé. Talok ló yè, torí ó ń mu ọmú, ẹ̀yìn mi ló wà. Gbogbo ayé ní àwọn ọ̀tá ló fúnra wọn wá ọ̀nà rí. Mo jẹ́ kí wọ́n máa wí bẹ́ẹ̀. Ìwọ lẹni àkọ́kọ́ tí mo sọ ọ́ fún. Tó o bá sọ ọ́ fún ọmọ mi, màá lé ẹ sómi padà."

Ó yẹ kó ṣe mí láàánú. Àwọn àgbà ní ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, á sá. Òótọ́ ni, àmọ́ inú ta ni yóò dùn pé òun ni ekòló? Ìbínú ló kún inú mi.

"Torí pé olè làwọn èèyàn tiyín, tèmi náà á wá di olè?"

"Mi ò mọ̀. Ìwọ náà ò mọ̀."

"Mo mọ àbúrò mi!"

"Èmi náà mọ ẹ̀gbọ́n mi."

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ parí sí. A jọ sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná kan náà, ẹ̀yìn kọ ẹ̀yìn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kùrukùru bo adágún débi pé n kò rí ewúrẹ́ tó wà lẹ́nu-ọ̀nà. Mo rí Matugena tó ń ká aṣọ rẹ̀ sókè dé itan, tó so bàtà mọ́ ọrùn, tó ti ọ̀bẹ bọ ìbàdí.

"Níbo lẹ̀ ń lọ?"

"Mò ń lọ fi ojú ara mi wo ìyá rẹ. Bó bá ń lọ ọkà, màá padà wá sọ fún ẹ. Bí kò bá lọ ọkà, màá padà wá sọ fún ẹ. Fa afárá igi kékeré tó so ẹnu-ọ̀nà mọ́ òkúta àkọ́kọ́ sókè lẹ́yìn mi. Má ṣílẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni, kódà bó bá jẹ́ èmi ni mò ń pè ọ́ tí ohùn mi ò dá ẹ lójú."

"Ẹ mú mi dání. Ìyá mi ni, kì í ṣe ìyá yín!"

"Ta ló máa dúró ti àwọn ọmọ?"

Ó wọ inú omi. Mo na ọrùn láti rí bó ṣe ń yà, ṣùgbọ́n kùrukùru ti gbé e mì kó tó gbé ẹsẹ̀ kẹrin. Ìyẹn náà, ó ti rò ó. Obìnrin yẹn kì í ṣe nǹkan láìrò ó.

Ọjọ́ méjì ló lò. Mo jókòó sẹ́nu-ọ̀nà pẹ̀lú kànnàkànnà tí n kò mọ̀ ọ́n lò. Mo jẹ bọ́tà rẹ̀, mo fún àwọn ọmọ jẹ títí ẹnu wọn fi ń dán, mo sì fi èékánná fa ilà tèmi sójú ìyókù. Nígbà mìíràn, mò ń gbàdúrà kó padà wá sọ pé irọ́ ni, pé ìyá mi ń lọ ọkà, pé Losio ti di olè. Ẹ wo ohun tí mò ń fẹ́. Mo fẹ́ kí àbúrò mi jẹ́ ọ̀dàlẹ̀ kí ìyá mi lè wà láàyè.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, mo gbọ́ èébú kan láti inú omi, mo sì mọ̀ pé òun ni. Mo sọ afárá kalẹ̀. Ètè rẹ̀ ti dúdú. Ó jókòó sídìí iná, kò bọ́ aṣọ, ó na ọwọ́ sí ooru.

"Òótọ́ ni àbúrò rẹ sọ," ó ní. "Òun nìkan ló wà lẹ́yìn igi yẹn."

"Ìyá mi ńkọ́?"

"Mo bá a láàyè. Ojú rẹ̀ ti lọ, kò rí nǹkan kan mọ́. Mo jókòó tì í. Ó nawọ́, mo fún un ní ọwọ́ ọ̀tún. Ó ní, 'Brika, ṣé ìwọ nìyẹn?'"

Orúkọ mi nìyẹn. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ọ kẹ́yìn lẹ́nu obìnrin yìí. "Ìwọ" ló máa ń pè mí.

"Kí lẹ wá sọ?"

"Mo ní, 'Èmi ni, Ìyá.'"

Ìkòkò ń hó lórí iná. Ọmọ mi kékeré ń fa aṣọ mi.

"Ó ní ṣé wọ́n ń fún mi jẹun dáadáa nílé ọkọ. Mo ní wọ́n ń fún mi. Ó ní ìyá ọkọ mi ńkọ́. Mo ní èèyàn burúkú ni, àmọ́ kò tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa wá. Ó rẹ́rìn-ín. Ó di ọwọ́ mi mú, ó sùn, kò sì jí mọ́. Wọ́n ti bò ó mọ́lẹ̀ láàárọ̀ òní kí n tó kúrò."

Mo gbá ìyá ọkọ mi létí. Mo mọ ohun tí mò ń sọ: mo gbé ọwọ́ sókè, mo sì gbá a, ojú àwọn ọmọ mi ni mo ti ṣe é. Orí rẹ̀ yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó jí ikú ìyá mi gbé lọ́wọ́ mi. Ọwọ́ tó yẹ kí n dì mú, òun ló dì í mú. Ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn lẹ́nu ìyá tó bí mi, etí rẹ̀ ló wọ̀, mo sì ní láti máa gbọ́ ọ látẹnu rẹ̀ bí ẹni ń tọrọ oúnjẹ. N kò kórìíra ẹ̀dá kankan láyé tó bí mo ṣe kórìíra rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Kò gbá mi padà. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

"Ó tó," ó ní. "Má tún ṣe é mọ́."

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ kedere, kò sí kùrukùru rárá. Ó fi ẹsẹ̀ ta mí. "Dìde. Ká aṣọ rẹ sókè."

Ó wọ omi ṣáájú, mo tẹ̀ lé e. Kò dì mí lójú. "Mẹ́ta, kí o tó yà. Èyí ń mì, òun ló dà ẹ́ sómi lọ́jọ́sí, fò ó. Na ẹsẹ̀ ibí. Mo ní nà án! Ṣé ìyá rẹ ò kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń rìn ni?" Ó sọ ìyẹn tán, ó bojú wẹ̀yìn wò mí, ó sì tún ń sọ̀rọ̀ nìṣó. Ibi méje ni ọ̀nà náà ti ń yà. Ìgbà mẹ́ta ló mú mi lọ mú mi bọ̀, ẹsẹ̀ mi kú, mo sọ fún un, kò dúró. Ní ìgbà kẹrin, ó gòkè lọ jókòó sẹ́nu-ọ̀nà ilé.

"Dá a rìn," ó ní.

Mo dá a rìn. N kò ṣìṣe. Mo gòkè sórí ilẹ̀ níbi tí Losio ti jókòó lọ́jọ́sí. Ọ̀nà ilé wa là gbọnrangandan níwájú mi, ìrìn ìdajì ọjọ́, kò sì sí ẹni tó dá mi dúró. Mo wò ó títí. N kò ní ẹni tí mo fẹ́ lọ rí níbẹ̀ mọ́. Nígbà tí òtútù mú mi tó, mo yí padà, mo ka mẹ́ta, mo yà, mo sì lọ fún àwọn ọmọ lóúnjẹ.